Kọ Ìyá Ọmọ Sílẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ló dé tó jẹ́ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ní ìtumọ̀ méjì, èyí tó máa dùn mí ni mo mú, tí n kò tilẹ̀ wá èkejì wò? Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, mo ṣì ń bi ara mi. N kò tíì rí ìdáhùn. Bóyá ẹ̀yin á rí i bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ọ́fíìsì ni mò ń ṣe nígbà náà, lọ́dọ̀ lọ́yà méjì tí wọ́n jọ ni ọ́fíìsì kan ní òkè kẹta. Obìnrin ni àgbà inú wọn, Lọ́yà Àgbà là ń pè é. Ọkùnrin ni èkejì, ó fi bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kéré sí i. Òun ni Lọ́yà Kejì. Èmi, Ìyá Ọmọ ni wọ́n ń pè mí, nítorí mo máa ń pọn ọmọ mi wá síbi iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà.

"Ṣé o mọ̀wé?" Lọ́yà Àgbà bi mí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Rárá, mà."

"Orúkọ ara ẹ ńkọ́? O ò lè kọ ọ́?"

"Rárá, mà." Ojú tì mí débi pé ìka ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà níbí kó o tó dé, ó mọ̀wé dáadáa. Ó ka fáìlì ìkọ̀sílẹ̀ obìnrin kan, ó sì lọ kà á fún gbogbo àdúgbò. Ọ̀la ni kó o bẹ̀rẹ̀."

Ẹ ò rí nǹkan? Àwọn ẹlòmíì ń gbé ìwé ẹ̀rí lọ wáṣẹ́. Àìmọ̀wé mi ni ìwé ẹ̀rí tèmi.

Kò pé ọdún kan tí mo fi bímọ. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù là ń fojú kan ara wa. N kò ní ìyá, n kò ní àbúrò tó lè bá mi gbé ọmọ. Mo pọ̀n ọ́n wá síbi iṣẹ́.

Lọ́yà Àgbà wo ọmọ náà bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìwé ìpè láti kóòtù. Ó ní, "Yàrá fáìlì wà lẹ́yìn. Bí oníbàárà kan bá gbọ́ igbe ẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa lọ."

Yàrá fáìlì yẹn ni gbogbo ohun tí mo ní láyé. Kí n tó bímọ, mo ti lọ béèrè níbi iṣẹ́ méje mìíràn, nítorí mo rò pé wọn ò ní gba ọmọ ní ọ́fíìsì yìí. Bí wọ́n bá ti rí ikùn mi, wọ́n á ní kí n padà wá nígbà tí ọmọ bá ti dàgbà. Ta ló máa bá mi tọ́ ọ dàgbà? Nínú páálí ìwé ńlá kan ni ọmọ mi ń sùn, láàárín àwọn fáìlì tí òkè wọn kún fún eruku. Ọmọ náà kì í ké. Bí ẹni pé òun náà ti gbọ́ àdéhùn yẹn látinú ikùn.

Ohun kan ṣoṣo tó ń dẹ́rù bà mí ni àtẹ̀gùn. Síméńtì ni, ó ga, irin tí èèyàn fi ń dì í mú ti ṣí kúrò lápá kan. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rá, n kò tún ní ìsinmi mọ́. Mo lè máa nu tábìlì, kí etí mi méjèèjì wà ní yàrá fáìlì.

Ní oṣù keje rẹ̀, ikọ́ dá a dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì fún mi ní òògùn olómi, ó ní bí n ó ṣe lò ó ti wà lára ìgò. N kò lè sọ fún un pé n kò lè kà á. Ṣíbí méjì ni mo fún ọmọ dípò ìdajì ṣíbí. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọmọ kò mira. Mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò bóyá ó ṣì ń mí.

Ó jí. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún. Aago márùn-ún náà ni mo ń jáde níbi iṣẹ́, nítorí náà ìgbà gbogbo ni mo ń pẹ́ dé. Àmì ohùn ni Tíṣà fi máa ń ṣí kíláàsì. Kí n tó dé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó ti parẹ́ lójú pátákó.

Síbẹ̀, mo mọ̀wé kà. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé láti kékeré, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí. Ògiri tó ti ń wò mí tipẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀. Ara ọṣẹ, ara bọ́ọ̀sì, ara ìgò. Ní ọ́fíìsì, mo ń ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan. Bí wọ́n bá ní kí n gbé ìwé ìròyìn wá, mo máa ń dìídì gbé e ní orí kodò.

Ní ọjọ́ kan, Lọ́yà Àgbà wọ yàrá fáìlì lójijì. Pẹ́ńsù tí mo fi ń kọ̀wé ní kíláàsì ti já bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó mú un, ó yí i lọ́wọ́, ó wo orí rẹ̀ tí mo ti fi eyín jẹ.

"Ta ló ni èyí?"

"N kò mọ̀, mà."

"Èmi kì í lo pẹ́ńsù." Ó gbé e lé orí páálí ọmọ, ó jáde. Ó kù díẹ̀ kí n kú.

Ní àkókò yẹn, àwọn méjèèjì ti ń jà. Lọ́yà Kejì gba ẹjọ́ kan tó dojú kọ oníbàárà àtijọ́ Lọ́yà Àgbà, kò sì sọ fún un tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti pinnu láti pín ọ́fíìsì.

Lórí tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò mi, mo ti wo eré àwọn lọ́yà rí. Bí àwọn tó jọ ni ọ́fíìsì bá ń jà nínú eré, wọn á dúró ti fèrèsé gíláàsì, aṣọ wọn á máa dán, wọn á sì máa sọ ọ̀rọ̀ gígùn sí ara wọn lójú. Àwọn tèmi kò bára wọn sọ̀rọ̀ rárá. Èmi ni ẹnu wọn.

"Ìyá Ọmọ! Sọ fún ọ̀gá ẹ lọ́hùn-ún pé ó gbé fáìlì mi."

Ilẹ̀kùn wọn kọjú síra. Lọ́yà Kejì ti gbọ́. Síbẹ̀, n ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́fà.

"Wọ́n ní ẹ gbé fáìlì àwọn, sà."

"Sọ fún un pé kó wo abẹ́ ìdí ara ẹ̀, níbi tó ń jókòó lé iṣẹ́ oníṣẹ́."

N ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́fà padà. "Wọ́n ní kí ẹ wo orí àga yín, mà."

"Ó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má gé ọ̀rọ̀ kù fún mi. Parí ẹ̀!"

Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ru èébú láti yàrá kan sí èkejì. Ọwọ́ mi ni wọ́n fi ń gbá ara wọn létí.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé kan, mo dé ìdí kẹ́túlù, mo rí ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: INA N GBE ENIYAN. Mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. Mo mú àkísà gbígbẹ, mo fi yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri.

"Ìyá Ọmọ, tíì mi ńkọ́?" Lọ́yà Kejì ti dúró sẹ́yìn mi.

"Kẹ́túlù yìí ò dáa, sà."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà náà.

"Kẹ́túlù ò ṣe nǹkan kan," ó wí. "Tuntun ni. Èmi ni mo lẹ ìwé mọ́ ọn. Ẹni tí ò mọ̀wé ì bá ti tan iná sí i." Ó wá rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà, bó bá rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ ló ń jáde wá kí èèyàn, tòkè tìsàlẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ bò mí. Ẹ má sọ fún Lọ́yà Àgbà."

"Kí ni mo rí tí mo fẹ́ sọ? Dìde, jàre. Ọ̀rẹ́ ni wá." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Yàrá ọ̀gá ẹ yẹn, ìwọ nìkan ló ń wọ ibẹ̀ bí kò bá sí níbẹ̀. Páàdì aláwọ̀ ìyeyè kan wà tó máa ń kọ nǹkan sí. Má gbé e, má ya á. Kà á sórí, kó o wá sọ fún mi. Ó tán."

"Bí mi ò bá lè ṣe é ńkọ́, sà?"

"Ìyẹn kù sọ́wọ́ ẹ." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi lẹ́yìn mi. "Àtẹ̀gùn yìí ga o. Ọmọ tó ń rá, ilé ìyá ẹ̀ ló yẹ kó wà."

Ẹ̀rù bà mí, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ gbogbo òótọ́: inú mi dùn díẹ̀. Ẹnì kan mọ̀ pé mo mọ̀wé. Ẹnì kan fẹ́ kí n kàwé fún òun.

Inú dúróà ni Lọ́yà Àgbà máa ń ti páàdì yẹn mọ́ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ láti bí oṣù méjì, ó ti ń fi í sílẹ̀ gbalasa lórí tábìlì. Mo ní, ó ti fojú di mí tó bẹ́ẹ̀. Tábìlì àti èmi, bákan náà ni lójú rẹ̀.

Ó máa ń kọ̀wé kíákíá, kì í fi àmì sí nǹkan kan, kò tilẹ̀ rántí àmì abẹ́ lẹ́tà. Ohun tí mo kọ́kọ́ kà ni: "Eyin tun pe onibaara mi lanaa." Ọjọ́ méjì ni mo fi rò pé ẹyin tí à ń dín ni. Báwo ni ẹyin ṣe ń pe oníbàárà? Nígbà tí Lọ́yà Kejì tún rẹ́rìn-ín sí mi lẹ́nu ọ̀nà ni mo tó mọ̀ pé eyín ni. Òun ni Eyín! Mo wọ yàrá fáìlì, mo fi aṣọ ọmọ dí ẹnu, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.

N kò sọ ìyẹn fún un. Èérún ni mo kọ́kọ́ ń fún un: ọjọ́ tí Lọ́yà Àgbà máa lọ rí dókítà, ẹni tó fẹ́ kọ lẹ́tà sí. Mo sì rí ohun ńlá kan tí mo pa mọ́: "Bi Eyin ba taku, n o fi ofiisi sile fun un. Awon onibaara mi atijo nikan ni mo fe. Ko gbodo mo." Mo kà á, mo gbé e mì. Mo ní, ó kéré tán, èyí ò ní jáde lẹ́nu mi. Mo fi ìyẹn tan ara mi pé n kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀.

Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú ìpàdé ìkẹyìn wọn, Lọ́yà Àgbà fi mí wọ́lẹ̀ níwájú oníbàárà méjì nítorí ife tí kò mọ́. "Ṣé ọwọ́ ni o fi ń fọ nǹkan ni àbí ẹsẹ̀?" Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Ó jáde lọ sí kóòtù. Mo wọlé lọ nu tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú.

Páàdì wà níbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló wà lórí ewé tuntun:

"Emi yoo ko Iya Omo sile ki n to buwo luwe lojo Eti."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo fi ìka tẹ̀ lé e, mo tún kà á. Èmi yóò kọ Ìyá Ọmọ sílẹ̀ kí n tó buwọ́ lùwé lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọ̀rọ̀ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì yẹn, lọ́jọ́ tó gbà mí: fáìlì ìkọ̀sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ìyàwó sílẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọmọ sílẹ̀. Obìnrin yìí fẹ́ lé èmi àti ọmọ mi dànù kó tó lọ, kò sì tilẹ̀ ní sọ ọ́ sí mi létí. Ó kọ ọ́ sórí páàdì bí ẹni tó ń kọ ọṣẹ tó fẹ́ rà.

N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo wọ yàrá Lọ́yà Kejì lọ, n kò kan ilẹ̀kùn.

"Ó fẹ́ lé mi, sà. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ìwé."

"Kí ló kọ? Sọ ọ́ bó ṣe kọ ọ́ gan-an."

Mo kà á fún un látorí. Bírò rẹ̀ dúró. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ jẹ́jẹ́, "Kọ Ìyá Ọmọ sílẹ̀," ó wo òrùlé bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ẹ̀rín wá yọ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ó mà ṣe o," ó wí. "Lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ tó o ti ṣe fún un. Obìnrin burúkú. Kí ló tún kọ?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti ọ́fíìsì tó máa fi sílẹ̀ bó bá takú. Mo sọ ti àwọn oníbàárà. Nígbà tí kò sí ohun tó kù, mo sọ ti Eyín.

Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. "Èmi?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Mo rí i pé ó dùn ún ju gbogbo ìyókù lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n jókòó sí yàrá ìpàdé. Bàbá Adájọ́, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, ló jókòó láàárín láti bá wọn dá sí i. Mo gbé tíì wọlé lórí tíréè. Mo ti gbé ọmọ sínú páálí, ó ń sùn. Àmọ́ ilẹ̀kùn yàrá fáìlì kì í tì dáadáa.

"Ọ́fíìsì yìí ni mo fẹ́," ni Lọ́yà Kejì ń wí. "Mi ò ní gba ohun mìíràn."

"Ìwọ tó o bá mi níbí?" Lọ́yà Àgbà dá a lóhùn. "Èmi ni mo kun ògiri yẹn!"

"Ẹ máa fún mi. Mo mọ̀."

"O mọ̀? Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ara mi ló sọ fún mi."

"Ara ẹ! Ara tí kì í sọ fún ẹ pé kó o wá sí kóòtù lásìkò!"

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra," ni Bàbá Adájọ́ wí.

"Ẹ má sọ fún mi pé kí n rọra, sà!" Lọ́yà Kejì ti dìde. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi sìn ín. Ẹni tó ń pe alábàáṣiṣẹ́ ẹ̀ ní Eyín!"



"Eyín?" Bàbá Adájọ́ wò yíká. "Ta ló ń jẹ́ Eyín?"

Lọ́yà Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀ lórí tábìlì. "Orúkọ yẹn ò jáde lẹ́nu mi rí," ó wí. "Ibì kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ayé yìí."

Ó yí ojú sí mi. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó fa páàdì náà mọ́ra, ó kọ nǹkan sí i, ó sì yí i sọ́dọ̀ mi.

"Bàbá, ẹ máa wo Ìyá Ọmọ."

OMO E TI JADE SI ATEGUN.

N kò mọ ìgbà tí tíréè bọ́ lọ́wọ́ mi. Tíì gbígbóná ta sí mi lẹ́sẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n lára. Mo sáré kọlu ilẹ̀kùn, mo dé orí àtẹ̀gùn, mo wo ìsàlẹ̀, mo ń pariwo orúkọ ọmọ mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi àtẹ̀gùn. Mo sáré padà sí yàrá fáìlì.

Ó ń sùn nínú páálí rẹ̀, àtàǹpàkò lẹ́nu.

Mo gbé e mọ́ àyà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá yé mi. Ibo ni mo fẹ́ gbà? Mo padà wọ yàrá ìpàdé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò mí.

"Ó mọ̀wé," ni Lọ́yà Àgbà sọ fún Bàbá Adájọ́, bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà ẹjọ́.

"Háà!" Lọ́yà Kejì pàtẹ́wọ́. "Ìyá Ọmọ! O mọ̀wé ni? Ṣé bó o ṣe ń tan gbogbo wa jẹ nìyí?"

"Sà? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n kà á!"

"Èmi? Níwájú ta ni mo ti sọ bẹ́ẹ̀? Ẹlẹ́rìí ẹ dà?"

Mo yí sí Lọ́yà Àgbà. Mo yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé mo yẹ kí n kúnlẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kọ́ nìyẹn. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ ti fẹ́ kọ̀ mí sílẹ̀! Mo kà á! Ojú ara mi ni mo fi kà á!"

Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Báwo lo ṣe pè é?"

"Ẹ fẹ́ kọ̀ mí sílẹ̀."

"Kọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà!"

Ó wò mí pẹ́. N kò rí irú ojú yẹn lójú rẹ̀ rí, n kò sì mọ orúkọ tí n ó pè é. Lẹ́yìn náà, ó mú bírò, ó fa ìlà kan ṣoṣo gba orí ìwé tó wà níwájú rẹ̀, láti òsì dé ọ̀tún.

"Ẹni tó ń kọ́ ẹ níwèé," ó wí, "kò tíì kọ́ ẹ tán."

Ó kọjú sí Lọ́yà Kejì, ó bá a sọ̀rọ̀ tààrà, láìgba ẹnu mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù márùn-ún. "Gba ọ́fíìsì ẹ. Obìnrin yìí ńkọ́, ṣé wàá fi í síbẹ̀?"

"Èmi kẹ̀? Ẹni tó ń ka páàdì onípáàdì? Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

"A ti fohùn ṣọ̀kan nìyẹn."

Lílé mi ni ohun kan ṣoṣo tí wọ́n jọ gbà. Mo pọn ọmọ, mo gbé páálí rẹ̀ lórí, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn, mo ń fi èjìká ra ògiri.

Nítorí pé n kò níṣẹ́ mọ́, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo tètè dé kíláàsì fún ìgbà àkọ́kọ́. Tíṣà ń kọ́ àmì ohùn. Mo nawọ́.

"Tíṣà, bí èèyàn bá kọ ọ́ pé 'kọ ìyá ọmọ sílẹ̀,' àmì wo ló yẹ kó wà lórí 'kọ'?"

Inú Tíṣà dùn. Ó kọ méjì sójú pátákó: kọ ọ́ sílẹ̀, àti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe yàtọ̀? Ti àkọ́kọ́, wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sínú ìwé. Ti èkejì, wọ́n lé e dànù. Àmọ́ ẹ wá wo àrà. Bó bá jẹ́ orúkọ èèyàn ló tẹ̀ lé e, àmì ìsàlẹ̀ yẹn á sọnù. Kọ ìyá ọmọ sílẹ̀, kọ ìyá ọmọ sílẹ̀. Méjèèjì á dún bákan náà. Àmì ò lè yà wọ́n, ẹnu gan-an ò lè yà wọ́n. Gbogbo ẹni tó mọ̀wé dáadáa ló mọ̀ ọ́n."

Mo rántí Lọ́yà Kejì, bó ṣe wo òrùlé, bí ẹ̀rín ṣe yọ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ti mọ̀ pé ìtumọ̀ méjì ló ní.

"Báwo lèèyàn ṣe wá ń mọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn?"

"Á wo irú ẹni tó sọ ọ́," ni Tíṣà wí. "Bí kò bá dá a lójú, kó bi í."

"Kó bi í ló tán," bàbá oníbàtà tó jókòó sẹ́yìn mi dá sí i. "Ẹnu ò kúkú ń dùn ún."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n ń wò mí.

N kò lọ bi í. Mo mú ọkàn mi le. Mo ní, obìnrin tó ń bú mi nítorí ife, kí ló máa fi orúkọ mi sínú ìwé ṣe? Lílé ni. Ọdún mẹ́ta ni mo fi di ọ̀rọ̀ yẹn mú, nítorí bó bá jẹ́ lílé ni, à jẹ́ pé ẹ̀san ni mo gbà, n kò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ nípa ara yín níbi tí kò yẹ kí ẹ rí i, ẹ má fi ìbínú túmọ̀ rẹ̀. Ẹ lọ béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú ni ẹ máa kọ́kọ́ jẹ.

Ilé fọ́tòkópì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Wọ́n gbà mí nítorí pé mo mọ̀wé. Ọmọ mi ti wọ ilé ìwé.

Ní ọdún tó kọjá, akọ̀wé kóòtù kan gbé fáìlì nípọn wá fún ẹ̀dà mẹ́ta. Àwọn ọ̀gá mi àtijọ́ ti tún gbé ara wọn lọ sí kóòtù. Mo ń gbé ewé kọ̀ọ̀kan sórí gíláàsì, mo ń tẹ bọ́tìnì. Ní ojú ìwé kẹfà, mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé Lọ́yà Àgbà. Ìwé tó wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn ni, ìwé àdéhùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ìlà bírò kan gba orí ẹsẹ̀ ìkẹsàn-án kọjá, láti òsì dé ọ̀tún, àmọ́ ó ṣeé kà.

Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Ó ní ẹni tó bá gba ọ́fíìsì nínú àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì gbọ́dọ̀ fi yàrá fáìlì sílẹ̀ fún ọmọ mi títí yóò fi tó ilé ìwé lọ. Ó ní aago mẹ́rin ni kí n máa jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, kí n má baà máa pẹ́ dé kíláàsì.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ní ọ́fíìsì yẹn pé mo ní kíláàsì.